Gíà Kékeré Tí Ọdẹ́rìndé Tọrọ Lọ́wọ́ Òkú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀, ọdẹ tí òjò bá sì há mọ́lé, ẹnu ni yóò máa fi pa ẹran. Ẹ ti bi mí léraléra pé kí ló dé tí èmi, ọdẹ àgbà, ẹni tó pa ẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún, ẹni tó lé ẹkùn títí ẹkùn fi gun igi tí kò mọ bí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, kí ló dé tí n kì í jókòó lórí àga, tó jẹ́ pé irin wúwo yìí ni mo máa ń yí sábẹ́ ìdí. Àwọn kan ní oògùn ni. Àwọn kan ní ahun ni mí, pé n kò fẹ́ ra àga. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, etí mi kò di. Lónìí mo fẹ́ dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pọ̀ nínú ìdáhùn náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rín lẹ́nu, kí ó tètè rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹ kan wà ní abúlé Òkè-Àbàtà, Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀. Orí òkè ni abúlé náà wà, àbàtà sì yí i ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè rìn kọjá kí bàtà rẹ̀ má rin. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹrẹ̀ ibẹ̀ á máa gbé màlúù mì tìwo-tìwo. Ìyàwó Ọdẹ́rìndé ń jẹ́ Ìbídùn. Ẹ gbọ́ orúkọ tí òbí fún un, kí ẹ sì wo ohun tí ayé fi ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lóyún, ẹ̀ẹ̀mejì ló rọbí láàárín òjò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e dé etí àbàtà tí wọn kò rí ọ̀nà kọjá. Ọmọ méjèèjì, etí àbàtà náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Dókítà ọsibítù ìjọ tó wà ní òdìkejì àbàtà sọ fún un pé ìbàdí rẹ̀ há, pé ọ̀bẹ ni wọn yóò máa fi gbé ọmọ rẹ̀ jáde, kí ó má ṣe tún rọbí sílé mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ibùsùn ọsibítù náà kò ju mẹ́jọ lọ, wọn kì í sì í gba ẹni tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé.

Ìdí nìyẹn tí Ọdẹ́rìndé fi ra jíìpù. Àwọn sójà tó ti ogun Bọ́mà dé ń ta àwọn ọkọ̀ wọn nígbà náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ògúngbèmí sì lọ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rọ méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ jíìpù, ẹ gbọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ọkọ̀ yòókù fi ń ti ara wọn, bí ẹrẹ̀ bá sì ti gbà á mú, ó parí. Jíìpù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń walẹ̀. Ohun tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, tó ń pín in fún iwájú àti ẹ̀yìn, àpótí irin kan ni lábẹ́ ọkọ̀, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní gíà kékeré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, jíìpù kò sàn ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Ìbídùn wá lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Oyún náà pé oṣù márùn-ún lọ́jọ́ tí Ọdẹ́rìndé gbé jíìpù rẹ̀ bọ́ sí kòtò kan, tí nǹkan dún gbàù lábẹ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sì kú. Ó ranṣẹ́ pe Lámídì, mẹkáníìkì tó bá àwọn sójà dé Bọ́mà tó sì bá wọn bọ̀ láàyè. Lámídì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú gírísì lójú.

“Gíà kékeré ló lọ, ẹ̀gbọ́n. Eyín inú ẹ̀ ti lọ̀ kúnná bí èlùbọ́.”

“Wá òmíràn fún mi.”

Lámídì wá a. Ó wá a ní gbogbo ibi tí òkú ọkọ̀ wà, oṣù kan gbáko, kò sì rí ohun tó bá a mu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá jókòó ti Ọdẹ́rìndé, ó ń fi sípánà ha ilẹ̀.

“Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀,” ó ní. “Kì í ṣe irú tiyín, ó tiẹ̀ lágbára ju tiyín lọ. Mo lè dọ́gbọ́n sí i kó wọlé. Àmọ́ ti Ògúngbèmí ni.”

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbọ́ lè má mọ̀. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ ní láti ṣípà rẹ̀, kí òun àti àwọn alààyè lè pínyà. A ó kó fìlà rẹ̀, àpò rẹ̀ àti ohun tó fi ń ṣọdẹ lọ sí oríta kan nínú igbó orí òkè, tí à ń pè ní Ojú-Ìpà, a ó kó wọn síbẹ̀, a ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò. Ọdún kẹrin nìyẹn tí ejò ti bu Ògúngbèmí ṣán tó sì kú. Nítorí pé jíìpù ló fi ń ṣọdẹ, àwọn ọdẹ ti jíìpù náà lọ sí Ojú-Ìpà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ yòókù. Ohun tó bá ti dé Ojú-Ìpà, alààyè kì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá mú un ti so ara rẹ̀ mọ́ òkú padà.

“Èmi rí ikú ní Bọ́mà bí mo ṣe ń rí yín yìí,” Lámídì ní, “àmọ́ n ò lè jí nǹkan òkú o. Ẹ má fi ìyẹn lọ̀ mí.”

“Ta ló ní kí o jí i?” Ọdẹ́rìndé dáhùn. “Mo máa lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.”

Nígbà tó wọlé, Ìbídùn ń hun ọ̀já tí yóò fi pọn ọmọ náà, etù dúdú tó ní ìlà funfun kan ṣoṣo láàárín. Ọ̀já tó hun fún ọmọ àkọ́kọ́ àti ti èkejì, ó ti sin wọ́n mọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ọdẹ́rìndé sọ ibi tó ń lọ fún un, obìnrin náà kò sì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Olówó orí mi, tí ẹ bá lọ tí ẹ ò dé ńkọ́?”

“Àṣàkẹ́, tí n ò bá lọ ńkọ́?”

Ìbídùn fa òwú kan já, ó ní, “Ohun tí ẹ bá ṣèlérí lọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ san án kí ẹ tó dá mi lóhùn. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má torí tèmi yẹ àdéhùn.”

Ó ṣèlérí fún un. Ìlérí àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Ọdẹ́rìndé dé Ojú-Ìpà. Ó rí jíìpù ọ̀rẹ́ rẹ̀, koríko ti hù dé fèrèsé rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó rántí pé ẹ̀yìn ni àwọn alààyè fi ń rìn kúrò níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ òkú, ẹ̀yìn náà ni yóò fi rìn wọlé. Ó kọ ẹ̀yìn sí igbó, ó ń gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣísẹ̀ keje, oòrùn tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ bọ́ sí òsì, ó sì bá ara rẹ̀ ní Igbó Àìdáhùn.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí igbó náà ti jìnnà tó. Igbó tí ohùn ènìyàn kì í ti í padà wá bá a, ta ni yóò wọn ọ̀nà rẹ̀? Kò sí ẹyẹ tó ń ké, ewé kò sì mira. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́rìndé, ó bá sun ìjálá kí àyà rẹ̀ lè le:

Ọdẹ kì í sunkún ẹran tó já okùn,
Àgbẹ̀ kì í sunkún òjò tó ṣá lọ.
Ògúngbèmí, ọ̀rẹ́ tó ń bá ni jẹ iṣu tí kì í bèèrè epo,
Mo ké sí ọ, o kò jẹ́.
Ṣé ọ̀nà lo jìn sí, àbí ọ̀nà ló jìn sí ọ?

Ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ti fò jáde láti ẹ̀yìn àràbà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ a na ọwọ́ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Kò bèèrè orúkọ, ó fi Ọdẹ́rìndé lu igi. Ọdẹ́rìndé dìde, ó gbá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà, iwin ṣubú, ilẹ̀ mì tìtì. Wọ́n jà títí ewé abẹ́ wọn fi di eruku. Ìwọ tí ò ń yínmú ní igun yẹn, mo rí ọ. Bó bá jẹ́ ìwọ, èékánná rẹ nìkan ni wọn ì bá rí kó wálé. Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, iwin jókòó, ó na àtẹ́lẹwọ́.

“Ọwọ́ ẹ le. Àmọ́ ọwọ́ líle nìkan kì í ṣí ọ̀nà níbí. Kí ni ohun tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, tó ń pín in fún gbogbo ilé, tí òun fúnra ẹ̀ kì í sì í yó?”

Ọdẹ́rìndé kò ronú rárá, nítorí ohun kan náà ló kún inú orí rẹ̀. “Gíà kékeré ni.”

Iwin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ òun gan-an. “Máa kọjá. Ohun tí ò ń wá lo fi dáhùn, o ò sì kùnà. Àmọ́ ìdáhùn tí àwọn baba mi kọ́ mi ni ìyá ọmọ.”

Ó fò padà sẹ́yìn igi. Ọdẹ́rìndé kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ọkàn ẹni tó ń kánjú kì í gba ẹrù méjì.

Lẹ́yìn igbó yẹn ni ó wọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Ku-Díẹ̀. Mo ti rìn jìnnà láyé mi, n kò gbọ́ ìlú tó bà mí nínú jẹ́ tó èyí. Gbogbo ilé ibẹ̀ ni a kọ́ kù. Òrùlé bo apá kan, apá kejì ń wo sánmà. Àwọn ọkùnrin ń rìn kiri pẹ̀lú irùngbọ̀n tí a fá lápá kan. Bí wọ́n bá kí ni “Ẹ kú,” wọ́n á dákẹ́ síbẹ̀, ènìyàn kò ní í mọ̀ bóyá àárọ̀ ni àbí ewu. Gbogbo wọn ni ẹni tó sọ fún ẹnìkan láyé pé òun ń bọ̀ wá parí nǹkan, tí ikú sì ká wọn mọ́ ẹnu ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà.

Obìnrin kan di aṣọ Ọdẹ́rìndé mú. Ìlàjì irun rẹ̀ ni wọ́n dì, ìlàjì yòókù ta sókè.

“Bàbá ọdẹ, ẹ bá mi di ìyókù. Ó ku díẹ̀. Ọmọ mi ló ń dirun fún mi, ó dé ìlàjì, mo ní kó jẹ́ kí n lọ pọnmi ná, mò ń bọ̀.”

Bàbá àgbà kan gbé ajá igi tí kò ní ìrù wá: “Ẹ bá mi gbẹ́ ìrù rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ń retí rẹ̀.” Wọ́n yí i ká, ọwọ́ wọn tútù, ẹ̀bẹ̀ wọn kò ní ìró. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn parí nǹkan kì í jáde mọ́, torí iṣẹ́ wọn kì í tán. Àánú ṣe Ọdẹ́rìndé dé egungun. Ó ti fi ọwọ́ kan irun obìnrin náà tán kí ó tó rántí Ìbídùn. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń gbọ́ ohùn wọn: ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀.

Báyìí ni ó dé ibi tí àwọn ọdẹ tó ti kú ń gbé. Àfọ́kù òkúta ni wọ́n jókòó lé, àgbọ̀nrín sùn ti ẹsẹ̀ wọn, ẹkùn fi orí lé itan wọn, nítorí kò sí ẹni tó ń pa ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó rí Ògúngbèmí pẹ̀lú fìlà tí wọ́n gbé sí Ojú-Ìpà lórí, àpò rẹ̀ léjìká. Ọ̀rẹ́ tó máa ń fi ẹ̀rín da ilé rú nígbà ayé rẹ̀ kò dìde pàdé rẹ̀.

“Ọdẹ́rìndé, o ti rù.”

“Ìwọ náà ò sanra.”

Ẹnu Ògúngbèmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. “Ṣé wọ́n ṣì ń pe orúkọ mi níbi tí wọ́n bá ti ń mu ẹmu?”

“Wọ́n ń pè é.”

“Irọ́ lo pa. Tí wọ́n bá ń pè é, etí mi ì bá máa ho. Láti ọdún kejì ló ti pa lọ́lọ́.”

Ojú ti Ọdẹ́rìndé, nítorí òun gan-an náà kò pè é mọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀, ó sọ ti ọmọ méjì tó wà ní etí àbàtà, ti ìbàdí tó há, ti gíà tó fọ́. Ògúngbèmí gbọ́ ọ dé òpin.

“Mú un,” ó ní. “Mi ò ní ìyàwó tó lóyún níbí. Àmọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Gbogbo ohun tí ẹ kó sí Ojú-Ìpà ni mo fi jẹ́ ẹni tó pé. Tí o bá yọ ọ̀kan, ihò lo dá sí mi lára. Gbé tìrẹ tó fọ́ síbẹ̀. Kò dìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí àyè náà ṣáà má ṣófo. Ọwọ́ ara ẹ ni kí o fi de nọ́ọ̀tì ẹ̀, kí òjò tó wọnú ihò náà.”

“Tí òjò bá ṣáájú mi ńkọ́?”

Ògúngbèmí yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe èmi ni mo máa wá nǹkan dí i. Ihò yẹn fúnra ẹ̀ ló máa wá ohun tó bá a mu. Ohun tó sì máa bá a mu jù ni ẹni tí o torí ẹ̀ ṣí i.”

Ọdẹ́rìndé búra fún un. Ìlérí kejì nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló rò pé òun lò. Nígbà tó padà dé, ikùn Ìbídùn ti ga, oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àbàtà ti tú, ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gbà á kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn láti ọjọ́ mẹ́rin, sánmà mọ́ kedere.

Òun àti Lámídì lọ sí Ojú-Ìpà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Lámídì gbé sípánà sí bóòtù àkọ́kọ́, bóòtù náà sì yí láìjanpata, bí ẹni pé àná ni wọ́n dè é. Ọdún mẹ́rin nínú koríko, kò dípẹtà. Nígbà tí wọ́n gbé gíà náà sọ̀ kalẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà dé. Lámídì sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀.

“Ó yẹ kí á ti gbé tèmi tó fọ́ wá,” Ọdẹ́rìndé ní. Ó ń wo ihò tó là sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ òkú.

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Òrùka eléyín tó wà lẹ́nu tiyín ni mo máa fi so èyí mọ́ ẹ́ńjìnì yín, torí ilé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Tí mo bá fi tiyín síbí, tí èyí ò wá bá a mu, ṣé ẹ máa tún wá tú u ni? Mẹkáníìkì kì í gbé ògbólógbòó dànù kí tuntun tó rìn.”

Ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo mẹkáníìkì ń ṣe, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Wọ́n gbé gíà náà wálé.

Ó bá a mu, ṣùgbọ́n ó gùn ju ti àtijọ́ lọ ní ìka mẹ́rin. Nítorí náà ọ̀pá tó ń bá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ ti gùn jù, èyí tó ń bá ẹsẹ̀ iwájú lọ ti kúrú jù. Lámídì gé ìka mẹ́rin kúrò lára ti ẹ̀yìn, alágbẹ̀dẹ abúlé sì bá a jó o mọ́ ti iwájú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Ọdẹ́rìndé tẹ iná ọkọ̀, ó fa gíà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbá ilẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó jó. Lójú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n gbé gíà tó fọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó wà á lọ sí Ojú-Ìpà.

Ó ti jókòó sídìí ọkọ̀ tán nígbà tí obìnrin aládùúgbò kan sáré dé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. “Bàbá ọdẹ! Ìbídùn ti ń rọbí o!” Ọdẹ́rìndé gbé ojú sókè. Òjò ti ṣú ní ìlà-oòrùn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún tó pọ̀, ẹ bá mi rò ó. Ọ̀nà Ojú-Ìpà wà lósì, ọ̀nà àbàtà wà lọ́tùn-ún. Láti gbé irin yẹn sókè kí a sì de gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Kò lè rán Lámídì, ọwọ́ ara rẹ̀ ni òkú ní kí ó fi dè é. Nínú ilé, ó ń gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ọdẹ́rìndé yí gíà tó fọ́ náà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, ó jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ́ ẹní sí àyè rẹ̀ fún Ìbídùn.

Ìbídùn jáde, ó ti fi ọ̀já etù náà di ikùn rẹ̀ gírígírí. Wọ́n wọ àbàtà bí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí ọkọ̀ tó wọ ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rì dé fèrèsé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń walẹ̀, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ní àárín àbàtà, iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sósì, sí apá ibi tí Ojú-Ìpà wà. Ọdẹ́rìndé fi gbogbo agbára rẹ̀ di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń fà á padà sọ́tùn-ún, iṣan apá rẹ̀ yọ bí okùn. Òjò náà kò rọ̀ bí òjò lásán.

Ìrọbí dẹwọ́ díẹ̀. Ìbídùn gbé orí sókè lẹ́yìn rẹ̀.

“Olówó orí mi, ṣé ẹ ti dí i?”

Ọdẹ́rìndé fẹ́ purọ́. Ó la ẹnu, ohun tó jáde sì ni, “Ó ku díẹ̀.”

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ìbídùn kò bú u. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀, ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gun òkè ọsibítù.

Dókítà gbé ọmọ jáde láàyè, ọmọkùnrin, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé gbọ́. Ìbídùn kò jí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni, wọn kò purọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì bèèrè ọ̀já tó dì mọ́ ikùn nígbà tó wọlé, torí òun fẹ́ fi bo ọmọ. Wọ́n wá a lábẹ́ ibùsùn, wọ́n wá a nínú ọkọ̀, wọn kò rí i.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín ni Ọdẹ́rìndé àti Lámídì gbé gíà tó fọ́ náà lọ sí Ojú-Ìpà. Ọdẹ́rìndé ní gbèsè òkú kì í jẹrà, òun yóò dí ihò náà bó tilẹ̀ pẹ́. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ jíìpù náà, ó sì na ọwọ́ sókè.

Kò sí ihò níbẹ̀. Ọ̀já etù kan ni wọ́n ká, tí wọ́n fi dí i, ó kún ibẹ̀ déédéé, ìlà funfun rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ó gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo igbó ń ro omi. Etí rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì so ní kókó tí àwọn obìnrin máa ń so sí àyà bí wọ́n bá pọnmọ.

Ọdẹ́rìndé dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Lámídì ló fà á jáde. Wọ́n tún gbé gíà tó fọ́ náà padà wálé, nítorí kò sí àyè tí wọn yóò gbé e sí. Jíìpù rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, aboyún mọ́kàndínlógójì ni ó fi gbé kọjá àbàtà, kò gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló sì padà wálé tọmọtọmọ. Nínú ẹ̀yin tó jókòó síbí, àwọn kan wà tí ìyá wọn gun ọkọ̀ náà. Ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń mu ẹmu, Ọdẹ́rìndé a pe orúkọ Ògúngbèmí kí ó tó fi ẹnu kan tirẹ̀. Kò fẹ́ ìyàwó mọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ kan ló wo ọmọ náà dàgbà, aṣọ tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n.

Ẹ wo irin tí mo jókòó lé yìí. Ẹ rí ibi tí òrùka eléyín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sọnù, nígbà tó kú, èmi náà kò jẹ́. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, mo máa ń lọ sí Ojú-Ìpà, mo máa ń wọ abẹ́ jíìpù náà, mo sì máa ń na ọwọ́ kan ọ̀já tí ìyá mi hun fún mi. N kò tú u rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ẹ̀yìn mi tì í fún ìgbà díẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá pọ̀n.